Aago méje kọjá ni wọ́n tó sọ pé kò sí ilé-ìwé mọ́: ẹ̀yin òbí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí sínóò bá dé?

ÌyáÌbejì_MD

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀ torí inú ń bí mi. Maryland ni mò ń gbé, mi ò ní dárúkọ káúǹtì wa (ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀), àwọn tó wà níbẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n, káúǹtì ńlá ni, láti ẹnu ibodè Washington DC ló ti bẹ̀rẹ̀ títí lọ dé ibi tí wọ́n ti ń sin màlúù. CNA ni mí, ìyẹn ẹni tó ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ní nọ́ọ̀sìn hómù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, aago méje àárọ̀ ni mo máa ń gba iṣẹ́, bàbá àwọn ọmọ ló máa ń fi wọ́n sínú bọ́ọ̀sì kí òun náà tó lọ. Ìbejì wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n wọn ti pé mọ́kànlá.

Lánàá, aago márùn-ún ìdájí ni tẹ́ẹ̀sì wọlé pé wákàtí méjì ni ilé-ìwé máa fi pẹ́ ṣí. Ó dáa. Bàbá wọn pe mánéjà ẹ̀ pé òun máa pẹ́ dé, onítọ̀hún gbà, ó sì ń kùn. Èmi ti lọ síbi iṣẹ́ ní tèmi. Mo ti wọlé, mo ti gba ìròyìn lẹ́nu àwọn tó ṣe náìtì, mo ti ń wẹ ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ni fóònù tún gbọ̀n: wọ́n ti ti gbogbo ilé-ìwé pa. Aago méje ti kọjá nígbà yẹn o! Èmi ò lè fi àwọn arúgbó sílẹ̀ láìsí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, bàbá wọn náà sì ti lo ojúure ọ̀gá ẹ̀ tán láàárọ̀ yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń bá wa wo ọmọ kí ilé-ìwé tó wọlé náà ò ṣí, torí inú ilé-ìwé kan náà ni wọ́n wà, tí ibẹ̀ bá ti tì, àwọn náà tì nìyẹn. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ra wa lórí fóònù.

Èyí tó dùn mí jù, àdúgbò wa ò ní sínóò kankan. Òjò lásán ló rọ̀, títì kàn tutù ni. Wọ́n ní òkè káúǹtì ló di yìnyín. Ìbéèrè mi méjì: kí lẹ máa ń ṣe sí àwọn ọmọ tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀? Àti pé ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ti ilé-ìwé mọ́ gbogbo wa torí apá kan?

Àkàrà_Àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣebí ẹ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá nílé? Ẹ gbé oúnjẹ sílẹ̀, ẹ fún un ní fóònù, ẹ ní kó tilẹ̀kùn mọ́rí, kó máa wo àwọn àbúrò ẹ̀. Nígbà témi wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ní Òṣogbo, mò ń pọn àbúrò mi, mo sì ń ro ọkà. A ti kẹ́ àwọn ọmọ ibí jù.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ̀yin Àkàrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti èèyàn sí wàhálà. Ìyá Ìbejì, ẹ má dán an wò o. Òfin Maryland ò fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ yìí rárá: ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún mẹ́jọ, èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi òun nìkan sílẹ̀ nínú ilé tàbí nínú mọ́tò, àfi kí ẹni tó ṣeé fọkàn tán wà pẹ̀lú ẹ̀, ẹni yẹn náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 13 ó kéré tán. Àkọ́bí yín lè dá jókòó sílé fúnra ẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi ìbejì ọmọ ọdún mẹ́fà sílẹ̀ fún. Aládùúgbò kan á kàn rí wọn níta níbi tí wọ́n ti ń fi sínóò ṣeré láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á pe nọ́ńbà, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ á kanlẹ̀kùn. Irú iṣẹ́ tiwa yìí sì rèé, wọ́n máa ń yẹ ìwé èèyàn wò kí wọ́n tó gbà á, ẹ ò fẹ́ kí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn yín.

Àkàrà_Àárọ̀

Ó dáa o. Texas lèmi wà, òfin ibí ò dárúkọ ọjọ́ orí kankan, ọwọ́ òbí ni wọ́n fi í sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì lè mú òbí tó bá já sí ewu. Tí ti Maryland bá ti yàtọ̀, ẹ tẹ̀lé ti Nọ́ọ̀sì.

BàbáBọ́ọ̀sì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi torí pé èmi ni mò ń wà á. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni mò ń wà ní Maryland níbí, kò dandan kó jẹ́ káúǹtì yín. Àwọn èèyàn rò pé ẹnì kan ló jókòó sínú ọ́fíìsì tó ń ta owó ẹyọ sókè láti mọ̀ bóyá kí wọ́n tì í tàbí kí wọ́n ṣí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀yin tó jí rárá, àwọn kan ti ń wa mọ́tò kiri títì lóru, wọ́n ń tẹ bíréèkì wò, wọ́n ń wo orí afárá, torí afárá ló máa ń kọ́kọ́ dì, atẹ́gùn ń gba òkè ẹ̀, ó ń gba abẹ́ ẹ̀. Wọ́n á bá àwọn tó ń da iyọ̀ sójú títì sọ̀rọ̀, wọ́n á bi àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́. Nǹkan bí aago márùn-ún ni wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ti jáde torí àwa dírẹ́bà gbọ́dọ̀ ti máa yẹ bọ́ọ̀sì wò nígbà yẹn, táyà, iná, bíréèkì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀, kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní yáàdì. Dísẹ́ẹ̀lì náà máa ń ki tí òtútù bá pọ̀, bọ́ọ̀sì míì á kọ̀ láti stáàtì.

Wákàtí méjì tí wọ́n kọ́kọ́ sọ yẹn, ṣe ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ilẹ̀ á mọ́, kí iyọ̀ ríṣẹ́ ṣe. Iyọ̀ náà sì ní ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Tí òtútù bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bíi 15 Fahrenheit, iyọ̀ lásán ò fi bẹ́ẹ̀ yọ́ nǹkan mọ́. Tí wọ́n bá wá rí i ní aago mẹ́fà ààbọ̀ pé títì ṣì ń dán, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Wọ́n á tì í ni.

Ti pé kí wọ́n pín káúǹtì sí méjì, kí wọ́n ti apá kan nìkan, ó kàn dùn ún gbọ́ létí ni. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń gbé àwọn ọmọ high school, tó bá já wọn sílẹ̀ tán á tún padà lọ kó àwọn ti middle school, á tún lọ kó àwọn kéékèèké. Tó bá yọ̀ wọ kòtò ní àkọ́kọ́, gbogbo tó kù dàrú. Àwọn ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ àtàwọn tó ń lọ ilé-ìwé àkànṣe, láti ìsàlẹ̀ káúǹtì ni wọ́n ti ń gbé wọn lọ sókè, òmíràn láti òkè wá sísàlẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ yín níbi tí kò ti sí sínóò lè máa gbé ní Frederick, ó tiẹ̀ lè máa ti Pennsylvania wá torí owó ilé. Ẹ ṣí ilé-ìwé, ta ló máa dúró sí iwájú kíláàsì?

Títì tiyín tutù lásán, mo gbà. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ńkọ́? Lọ́jọ́ tí sínóò gidi bá bọ́, ọkọ̀ tó ń gbá a kì í gbé e lọ síbì kankan, ẹ̀bá títì ló ń kó o jọ sí, lórí ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn gan-an. Ní káúǹtì Montgomery, òfin ní kí onílé gbá iwájú ilé ẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí sínóò bá ti dá, ṣùgbọ́n ibi tó jẹ́ ti gbogbogbò, ta ló ni ín? Àwọn ọmọ á wá dúró sójú títì nínú òkùnkùn, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú, èmi ni mo máa fi ojú wá wọn.

Tíṣà_Ẹ̀gbá

Ẹ ṣeun sà, Bàbá Bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ìkan tó wà níbẹ̀: ẹ̀rù ariwo. Virginia ni mo ti ń ṣe tíṣà. Ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2015, káúǹtì Fairfax, tó jẹ́ pé òun ló ní ọmọ ilé-ìwé jù ní ìpínlẹ̀ yìí, ṣí ilé-ìwé lásìkò tó yẹ nígbà tí sínóò ń bọ́ lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì ń yọ̀, mọ́tò ń yọ̀, àwọn ọmọ dúró síta tí bọ́ọ̀sì ò dé. Àwọn òbí àti àwọn ọmọ bú wọn lórí Twitter débi pé ọ̀rọ̀ náà di nǹkan tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò, ọ̀gá àgbà wọn tọrọ àforíjì. Látìgbà yẹn, lójú tèmi o, kò sí ọ̀gá ilé-ìwé kankan ní agbègbè yìí tó fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òun. Tó bá tì í tí oòrùn wá yọ, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ kan. Tó bá ṣí i tí ọmọ kan kú, kò ní gbọ́ ọ tán láyé. Ẹ̀yin náà, èwo lẹ máa mú?

Ohun kejì ni pé òfin ò rí bákan náà. Virginia gbà kí wọ́n ka ọjọ́ 180 tàbí wákàtí 990, torí náà, àwọn tó ti ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún ojoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti ní wákàtí nípamọ́, wọ́n lè tì í lọ́pọ̀ ìgbà láìfi ọjọ́ kankan san án padà. Maryland ní tiẹ̀, ọjọ́ 180 gbọ́dọ̀ pé, àfi tí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ bá yọ̀ǹda. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń fọwọ́ wákàtí méjì yẹn ṣeré, torí ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí pẹ́ ṣì ń jẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ tí wọ́n bá tì í pátápátá ò jẹ́ nǹkan kan.

LondonÈkó

Àwa níbí, hẹ́ẹ̀dì tíṣà ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tiẹ̀. Ẹ má rò pé ìyẹn sàn jù o. Ọmọ mi ọkùnrin, ilé-ìwé tiẹ̀ ṣí, ti àbúrò ẹ̀ tì, ojúlé sí ojúlé ni wọ́n sì jọ wà! Àárọ̀ yẹn, kí n lọ síbi iṣẹ́ ò ṣeé ṣe, kí n jókòó sílé náà ò ṣeé ṣe.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_ATL

Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé inú ń bí yín, inú á bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí ní Atlanta lọ́jọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2014. Sínóò yẹn ò tó íǹṣì mẹ́ta, ẹ gbọ́ ná, íǹṣì mẹ́ta ò pé, àwọn ará Chicago á máa wọ sálúbàtà rìn nínú ẹ̀. Wọ́n ṣí ilé-ìwé láàárọ̀ torí wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó má dé ọ̀dọ̀ wa, ìsàlẹ̀ ló máa bọ́ sí. Nígbà tó di ọ̀sán, ó bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé tú sílẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba tú sílẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ tú sílẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́tò gbogbo ìlú bọ́ sójú títì pọ̀, ọkọ̀ tó ń da iyọ̀ ò rí ọ̀nà kọjá mọ́, sínóò tí táyà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ wá di yìnyín. Ó parí.

Ìyàwó mi sun ojú títì I-285 mọ́jú nínú mọ́tò, ẹ̀ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó ń wo gééjì epo. Ọmọ mi sun orí máàtì ní jímù ilé-ìwé ẹ̀, àwọn tíṣà náà ò lọ sílé, àwọn ni wọ́n fún wọn lóúnjẹ, Ọlọ́run á bù kún wọn. Àwọn ọmọ míì wà nínú bọ́ọ̀sì láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ ló lọ gbé òmíràn. Torí náà, ẹni tó bá ti ilé-ìwé láàárọ̀, kódà kó jẹ́ aago méje, èmi ò ní í bá a jà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tú ọmọ sílẹ̀ ní aago kan ọ̀sán nígbà tí sínóò ti ń bọ́, òun ni kó múra sílẹ̀ dè mí.

Toronto_Lèmi

😂😂 Íǹṣì mẹ́ta! Ẹ má bínú, mò ń rẹ́rìn-ín ni. Ní Toronto níbí bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń fagi lé, ilé-ìwé ò kì í sábà tì. Ẹ múra fún ọmọ yín, bàtà gidi, ìbọ̀wọ́ gidi, ó tán. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ẹ ti sọ òjò funfun di ogun.

Montréal_Alájọ

Ẹ̀gbọ́n Toronto, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ tán o. Tí wọ́n bá fagi lé bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ní Ontario, bọ́ọ̀sì yẹn ò ní í ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án náà. Ẹni tó bá fi mọ́tò gbé ọmọ ẹ̀ lọ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ padà lọ gbé e. Mo gbé lọ́hùn-ún kí n tó wá síbí, èmi tí mi ò ní mọ́tò nígbà yẹn, ilé-ìwé ṣí fáwọn ẹlòmíì ni, ó tì fún mi. Ẹ ò sì lè fi ibi tí wọ́n ti múra sílẹ̀ wé ibi tí wọn ò ti múra. Ní Quebec níbí, táyà ìgbà òtútù ò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú, láti ọjọ́ 1 oṣù kejìlá títí dé ọjọ́ 15 oṣù kẹta òfin ni. Ta ló ní táyà ìgbà òtútù ní Atlanta?

ÌyáÌbejì_MD

Mo ti ń kà á o, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá Bọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín sà, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń gbé oríṣi ọmọ mẹ́ta yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí àsìkò. Kí ló dé tí wọn ò lè sọ ọ́ lálẹ́? Aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí n ti mọ̀, kí n pe ẹnì kan kó bá mi ṣe ṣíìfù, kí èmi náà ṣe tiẹ̀ lọ́jọ́ míì.

BàbáBọ́ọ̀sì

Ìyá wa, wọ́n máa ń sọ ọ́ lálẹ́ tó bá dá wọn lójú. Tí sínóò ńlá bá ń bọ̀, irú ti oṣù kìíní 2016 tó bo gbogbo DC àti Maryland mọ́lẹ̀, ta ló tún máa dúró di àárọ̀? Wàhálà wa ní agbègbè yìí ni ọjọ́ tí òtútù wà lẹ́nu 32 Fahrenheit, ibi tí omi ti ń di yìnyín. Tó bá wà ní 33, òjò ni. Ó bọ́ sí 31, òjò yẹn kan náà ń dì bó ṣe ń kan ilẹ̀. Òkè káúǹtì ga ju ìsàlẹ̀ lọ, ó sì jìnnà sí omi, òun ló fi jẹ́ pé ibẹ̀ ló máa ń dì nígbà tí ẹ̀yin ń wo òjò. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ lálẹ́, wọ́n á sọ ọ́ lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́ kò ní sí nǹkan kan, ẹ̀yin kan náà lẹ máa wá síbí wá kọ̀wé.

ÌyáÌbejì_MD

Màá kọ ọ́ ní tòótọ́ 😂. Ṣùgbọ́n mo ṣì fara mọ́ ti alẹ́. Ẹni tó ń gba owó oṣù lè jókòó sílé kó ṣí láàpútọ́ọ̀pù. Àwa tá à ń gba owó wákàtí, tá ò bá dé ibẹ̀, kò sówó. Àṣìṣe alẹ́ sàn fún mi ju òótọ́ aago méje lọ.

Chicago_NiMoWà

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì yìí ló wọ̀ mí lára jù. Gbogbo yín ń sọ ti títì, ẹ ò sọ ti oúnjẹ. Níbí ní Chicago, gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìjọba ló ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá sì tì í, ilé wọn ni wọ́n ti máa jẹ ẹ́, ilé míì ò sì ní in. Ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kó nira fún wọn láti ti ilé-ìwé nínú ìlú ńlá.

Ẹ sì má rò pé sínóò nìkan ni. Ọjọ́ 30 àti 31 oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù ló ti ilé-ìwé mọ́ wa, kì í ṣe sínóò. Ó wálẹ̀ dé 23 lábẹ́ òdo ní Fahrenheit, ìyẹn bí 30 lábẹ́ òdo ní Celsius, ti atẹ́gùn ò tíì sí níbẹ̀ o. Tí atẹ́gùn bá ti mú un dà bíi 19 lábẹ́ òdo ní Fahrenheit, ìṣẹ́jú 30 ti tó láti ba awọ ara tó wà níta jẹ́: etí, imú, orí ìka. Bọ́ọ̀sì tó pẹ́ díẹ̀ ti tó láti ṣe ọmọ léṣe. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má wọ jákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ṣoṣo fún ọmọ kí ẹ ní ó tán. Ẹ wọ̀ ọ́ ní ìpele ìpele, èyí tó kan ara má jẹ́ kọ́tìn torí kọ́tìn máa ń gba òógùn dúró, ìbọ̀wọ́ tí ìka gbogbo wà pọ̀ nínú ẹ̀ móoru ju èyí tí ìka dá wà lọ. Mọ́mì mi tó wá látilé bá wa wo ọmọ fi ìborùn àwọ̀ ewé bo orí ọmọ náà lábẹ́ fìlà, mo kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò tutù.

Alájọṣe_PG

Ìyá Ìbejì, ẹ lo síìkì lìífù yín jàre. Òfin Maryland ní kí wọ́n fún yín. Ẹ pè wọ́n pé ara ọmọ ò yá.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Alájọṣe, ẹ rọra o. Lóòótọ́ ni òfin wà: wákàtí kan fún gbogbo wákàtí 30 téèyàn bá ṣiṣẹ́, iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè sì gbọ́dọ̀ sanwó ẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn ni wọ́n ṣe é fún, tiyín tàbí ti ẹbí yín, àtàwọn nǹkan bíi kí wọ́n lù yín nílé. Pé ilé-ìwé tì torí sínóò ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ara ọmọ ò yá nígbà tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ilé-ìwé tì, ọ̀gá lè ní kó mú ìwé dókítà wá.

Ohun tí èmi ń ṣe rèé, ẹ mú èyí tó bá yín lára mu. Kí oṣù kọkànlá tó parí, mo ti lọ bá DON wa, ìyẹn ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, pé kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jọ́ sínóò hàn mí, lórí ìwé o, torí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sìn hómù ní i, àwọn kan máa ń jẹ́ kéèyàn sùn síbẹ̀, àwọn míì máa ń fi owó kún un fẹ́ni tó bá wá. Mo bá ẹnì kan tí ò ní ọmọ kékeré sọ ọ́ pé kó bá mi dúró lọ́jọ́ sínóò, èmi á bá a ṣe Sátidé tiẹ̀. A ò dúró dìgbà tí sínóò bá ń bọ́ ká tó máa bẹ ara wa. Ìdílé mẹ́ta la sì jọ fi ẹnu kò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ló ń gba àwọn ọmọ. Ẹ yan àwọn tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé wọn, torí ọjọ́ tí títì ò ṣeé rìn, ọ̀rẹ́ tó wà ní ogún máìlì ò wúlò. Ẹ kọ nọ́ńbà dókítà ọmọ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ fún wọn.

ÒtútùMúMi_NY

Kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ pé kí wọ́n fi Zoom rọ́pò ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ìlú New York tó ní ọmọ ilé-ìwé tó tó nǹkan bí 900,000 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọjọ́ sínóò rẹ́, ìdajì wa gbà pé ó dáa. Ọjọ́ 13 oṣù kejì 2024 ni wọ́n dán an wò, ó wà nínú gbogbo ìròyìn, ọ̀pọ̀ ọmọ àti tíṣà ò rí i wọlé láàárọ̀ yẹn. Tó bá tiẹ̀ wọlé, ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà níwájú Zoom, ta ló máa jókòó tì í? Ìyá ẹ̀ ni. Ó gba káúǹtì lọ́wọ́ ọjọ́ 180, kò gba òbí lọ́wọ́ nǹkan kan.

Tíṣà_Ẹ̀gbá

Mo gbà fún àwọn kéékèèké. Àwọn ọmọ high school tèmi máa ń ṣe dáadáa lórí ẹ̀ o, tó bá ṣe pé ìdánwò AP, èyí tí wọ́n fi ń gba máàkì yunifásítì sílẹ̀ láti high school, wà níwájú, torí oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é káàkiri gbogbo ibi, sínóò ò ní kí wọ́n sún un síwájú. Ẹ má kó gbogbo ọmọ pọ̀.

Àkàrà_Àárọ̀

Àwọn ọmọ mi ṣáà ti wọ pijámà wọn sódì, wọ́n fi ṣíbí sábẹ́ pílò, wọ́n da yìnyín sínú ṣálángá, wọ́n ní wọ́n ń pe sínóò. Ní Texas! Mo bi wọ́n pé ta ló kọ́ yín ní oògùn?

Nọ́ọ̀sìÀgbà

😂 Gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà ló mọ oògùn yẹn.

ÌyáÌbejì_MD

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo ti tẹ́ẹ̀sì ìyá kan tó wà ní ojúlé kẹta sí wa, ọmọ Èkìtì ni, ilé ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti Fúráìdè, ó ní òun á gba àwọn ìbejì lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, èmi á máa gba tiẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá wà ní ọ́ọ̀fù. Ó ku Túsìdè sí Tọ́sìdè, mo ṣì ń wá ẹnì kẹta. Ọ̀rọ̀ àsìkò yẹn, èmi àti Bàbá Bọ́ọ̀sì ò tíì parí ẹ̀.

Tíṣà_Ẹ̀gbá

Kí n tó gbàgbé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ sílé fún họ́lídè, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí ọjọ́ tí wọ́n kọ pé ilé-ìwé máa parí o, àgàgà ní Maryland. Ọjọ́ tí sínóò bá gbà, ìparí ọdún ilé-ìwé, nínú oṣù kẹfà, ni wọ́n sábà máa ń fi san án.

ÌyáÌbejì_MD

Ta ló sọ fún yín pé mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ọjọ́ kejì ìparí ilé-ìwé gan-an la máa fò. Ìgbéyàwó àbúrò mi ni, mi ò lè sún un.

Tíṣà_Ẹ̀gbá

Ẹ wo ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà káúǹtì yín, wọ́n sábà máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi dípò síbẹ̀, òmíràn á jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìgbà ìrúwé. Tó bá wọ ọjọ́ ìrìn yín, ẹ kọ í-meèlì sí ọ́fíìsì ilé-ìwé ṣáájú, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n á kọ pé ọmọ ò wá, ìyẹn náà ni. Ti àkọ́bí yín ni kí ẹ bi tíṣà ẹ̀ bóyá ìdánwò wà níbẹ̀.